Káàdì Ẹgbẹ́ Kì í Ṣe Ìwé Àṣẹ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn olùdìbò Ìkẹjà àti Agége sọ

Ó ti pẹ́ tí àwọn tó ń tọrọ ìbò ti ń bá yín sọ̀rọ̀ títì, omi àti iná. A ó sọ tiwa lórí ìyẹn lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ tí wọn kì í mú dé ibi ìpolongo ni mo gbé wá lónìí: ta ni ìjọba ń fún ní òǹtẹ̀ láti sọ pé oníṣègùn ìbílẹ̀ yìí mọ iṣẹ́, pé tọ̀hún kò mọ̀ ọ́n?

Kí ẹ tó ní ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín, ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Ta ló gbẹ̀bí àbíkẹ́yìn yín? Nígbà tí gìrì mú ọmọ lóru, ilẹ̀kùn ta lẹ kọ́kọ́ kàn? Òṣìṣẹ́ tó jáde lẹ́nu iṣẹ́ òru ní Oba Akran, tí ẹ̀yìn ń ro ó, kó tó wọ ọkọ̀ lọ sílé, ó ti dúró lọ́dọ̀ alágbo, ó ti gbé ife kan mì. Ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà tí eegun rẹ̀ sì ṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni mọ̀lẹ́bí á gbé kúrò ní ọsibítù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun. Mi ò sọ pé ó dára, mi ò sọ pé kò dára. Ohun tí à ń ṣe ni mo sọ. Níwọ̀n ìgbà tí a sì ń ṣe é, ó yẹ ká mọ ẹni tí à ń fi ara wa lé lọ́wọ́.

Ìjọba pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn orílẹ̀-èdè ayé péjọ sí ìlú Alma-Ata, tó wà lábẹ́ Soviet nígbà náà, wọ́n sì fẹnu kò pé bí ìlera yóò bá dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù, kí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ bá dókítà àti nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ pọ̀ níbi tó bá ti yẹ. Ọdún kejì sí ìgbà náà, ní 1980, nígbà tí Alhaji Lateef Jakande ń ṣe gómìnà Èkó, ni ìpínlẹ̀ yìí ṣe òfin tó dá Bọ́ọ̀dù Ìṣègùn Ìbílẹ̀ sílẹ̀. Òfin àtúnṣe ètò ìlera ti ọdún 2006 tún fi ẹsẹ̀ bọ́ọ̀dù náà múlẹ̀, pé kó máa forúkọ àwọn oníṣègùn àti agbẹ̀bí sílẹ̀, kó sì máa mójú tó iṣẹ́ wọn. Ẹni tó ṣe rere, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó ṣe rere. Bọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí à ń bá jà. Ohun tó wà láàárín bọ́ọ̀dù àti ìyá agbẹ̀bí ni ọ̀rọ̀ wa, ìyẹn ni ẹgbẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ dókítà, Decree 23 ti ọdún 1988, sọ pé ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ó yọ àwọn kan sílẹ̀: ẹni tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ lápapọ̀ bá jẹ́rìí sí pé ó kọ́ ìṣègùn tí wọ́n ń lò láàárín wọn láti ayébáyé. Ẹ gbọ́ o! Àwọn ará àdúgbò ni òfin ní kí wọ́n jẹ́rìí. Ní abúlé, ìyẹn kò ṣòro. Gbogbo ayé ló mọ ọmọ ẹni tí oníṣègùn jẹ́, wọ́n mọ ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, wọ́n mọ iye ọdún tó fi ru igbá ewé tẹ̀lé ọ̀gá náà wọ igbó. Bó bá pa èèyàn, ilé rẹ̀ ni wọn yóò gba lọ.

Ṣùgbọ́n ta ló mọ ta ní Agége? Ilé-iṣẹ́ ló kó wa jọ síbí. Ará Ìjẹ̀bú ń gbé yàrá kan, ará Ọ̀yọ́ wà ní èkejì, Ẹ̀gùn wà ní ẹ̀kẹta, ọmọ Ìgbò wà ní ẹ̀yìnkùlé, bí a bá sì fi máa rí ọdún méjì, onílé ti lé ìdajì wọn. Ọkùnrin kan á dé láti ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, á so ìwo àti awọ mọ́ ẹnu ọ̀nà, á kọ ọ́ sí pátákó pé òun ń wo àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn jẹjẹrẹ àti àìríṣẹ́ṣe. Àdúgbò wo ló fẹ́ jẹ́rìí sí i? Ibí yìí ni ẹgbẹ́ ti wúlò. Ẹgbẹ́ ni àdúgbò àwọn tí kò ní àdúgbò. Àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà mọ ara wọn: wọ́n mọ ẹni tó kọ́ṣẹ́ àti ẹni tó kàn ka ìwé pélébé kan ní ọjà Oṣòdì. Nítorí náà, bí ìjọba bá fún ẹgbẹ́ ní òǹtẹ̀ pé kó bá òun yẹ ọmọ ẹgbẹ́ wò, kó jẹ́rìí sí wọn, kó sì kọ́ wọn, ohun tó bọ́gbọ́n mu ló ṣe.

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ ti ń wọ́? Ọjọ́ tí ìjọba bá fún ẹgbẹ́ kan ní òǹtẹ̀, ó ti yọ díẹ̀ nínú agbára tirẹ̀ fún alága ẹgbẹ́ náà. Agbára yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín, torí ẹ̀yin lẹ dìbò yan ìjọba. Ṣùgbọ́n alága ẹgbẹ́ kò dìbò pẹ̀lú yín, ẹ kò mọ ọ́n, ẹ kò sì lè yọ ọ́. Bí kò bá sí òfin tó de ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, ohun tí ìjọba fi ṣe ẹlẹ́rìí yóò di ẹnubodè. Ẹni tó fẹ́ kọjá á san owó. Ẹni tó bá alága jà kò ní kọjá.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan gbẹ̀bí ní Agége fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Mi ò ní dárúkọ ẹgbẹ́ tó wà, torí kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí. Lọ́dún kan, ìyapa wọ inú ẹgbẹ́ wọn nígbà tí wọ́n fẹ́ yan olóyè. Ìyá yìí tẹ̀lé ẹni tó fìdí rẹmi. Láti ọjọ́ náà, káàdì rẹ̀ kò jáde mọ́. Bó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé, akọ̀wé á ní kó lọ rí akápò. Akápò á ní ó jẹ gbèsè aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n rà fún àjọ̀dún. Ó san owó aṣọ. Wọ́n ní ó ku ìtanràn ìpàdé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò yí padà o; ọwọ́ tó fi gbẹ̀bí ní ọdún tó ní káàdì náà ló fi ń gbẹ̀bí ní ọdún tí kò ní. Ẹnikẹ́ni kò sì wá wò ó bóyá abẹ́ tó fi ń gé ìwọ́ ọmọ mọ́ tàbí kò mọ́.

Lóru ọjọ́ kan, obìnrin kan ń rọbí lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ìyá náà mọ̀ pé ó ti ju agbára òun lọ. Nígbà tí káàdì rẹ̀ wà, yóò ti bá wọn wọ mọ́tò, yóò ti sọ fún nọ́ọ̀sì ohun tó rí àti aago tó rí i. Lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù bà á pé wọn yóò béèrè káàdì, wọn yóò sì fi í lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ó júwe ọ̀nà fún ọkọ obìnrin náà, ó ní kí wọ́n máa lọ. Àwọn méjèèjì dé ọsibítù láìsí ẹni tó lè sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọmọ yè. Ọmọ kò yè.

Èmi kò dá ìyá yìí láre pátápátá, mo sì ti sọ fún un lójú ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà kì í ṣe ọjọ́ ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ rí ohun tí káàdì ṣe níbẹ̀. Ìjọba ṣe ètò káàdì kí agbẹ̀bí lè fọkàn balẹ̀ gbé aláìsàn lọ sí ọsibítù. Nígbà tí káàdì di ohun tí alága fi ń fìyà jẹ ẹni tí kò dìbò fún un, òun gan-an ló lé agbẹ̀bí sá fún ọsibítù.

Ẹnìkan á ní, ṣé bó ṣe rí níbi gbogbo kọ́ nìyẹn? Rárá o. Ẹ wo àwọn dókítà. Ẹgbẹ́ tiwọn ni NMA. Ẹ máa ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò bí wọ́n bá fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n NMA kọ́ ló ń fún dókítà ní láísẹ́ǹsì. Ìgbìmọ̀ mìíràn tí òfin dá sílẹ̀, MDCN, ló ní ìwé tí orúkọ dókítà wà, òun náà ló ń gbọ́ ẹjọ́ dókítà tó bá ṣe àṣìṣe. Dókítà lè bá alága NMA jà láàárọ̀, kó wọ tíátà lọ ṣiṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn nọ́ọ̀sì: ẹgbẹ́ wọn wà lọ́tọ̀, ìgbìmọ̀ tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀ wà lọ́tọ̀. Lọ́yà ńkọ́? Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ni ìwé orúkọ wọn wà, kò sí ní àpò alága NBA. Kí ló dé tí àwọn tó kàwé fi ní ààbò yìí, tí ìyá agbẹ̀bí ní Agége kò fi ní in? Ṣé torí pé kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni?

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn tó kàwé pàápàá mọ ìyà tó wà nínú kí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo di ilẹ̀kùn mú. Ìjọba fún ẹgbẹ́ àwọn olùṣírò owó tí wọ́n ń pè ní ICAN ní òǹtẹ̀ ní ọdún 1965. Ní ọdún 1979, àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ kan náà dá ANAN sílẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko ni wọ́n fi wà kí ìjọba tó ṣe Decree 76 ti ọdún 1993 tó fún àwọn náà ní òǹtẹ̀. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì o, wọ́n mọ ọ̀nà ilé ìjọba, wọ́n mọ òfin, ó sì gbà wọ́n ní ọdún mẹ́rìnlá. Ẹ wá fojú inú wo ẹlẹ́wé ọmọ kan ní ọjà Agége tó fẹ́ gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àbí ta ni yóò kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ fún un?

Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú mìíràn. Zimbabwe gba òmìnira ní oṣù kẹrin ọdún 1980. Lọ́dún náà gan-an ni ìjọba tuntun wọn bá àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ìbílẹ̀ tó wà káàkiri sọ̀rọ̀, wọ́n sì para pọ̀ di ẹyọ kan, ZINATHA. Ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì kan, Gordon Chavunduka, ni olórí wọn. Ṣùgbọ́n wọn kò dúró síbẹ̀. Ní ọdún 1981 wọ́n ṣe òfin tó gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ó sì sọ ẹni tí yóò ní ìwé orúkọ. Àwọn ará Gáńà tó sún mọ́ wa kó ẹgbẹ́ wọn jọ sábẹ́ àpapọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní GHAFTRAM ní ọdún 1999, nígbà tó di ọdún 2000 wọ́n ṣe Òfin 575 tó dá ìgbìmọ̀ oníṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Mi ò sọ pé gbogbo nǹkan dán mọ́rán fún wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ẹgbẹ́ yàtọ̀, ìgbìmọ̀ yàtọ̀.

Ẹ má ṣe rò pé mo wá gbèjà gbogbo ẹni tó bá ń já ewé. Ẹgbẹ́ oníṣègùn tó ń ṣebi wà, ó sì ti wà láyé àwọn baba wa. Òpópónà kan wà ní àdúgbò ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà tó ń jẹ́ Sàpárà. Orúkọ yẹn náà ni Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà jẹ́, ọmọ Yorùbá tó kọ́ ìmọ̀ dókítà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó sì fẹ́ràn ewé àti egbò ilẹ̀ baba rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ìgbóná ń pa àwọn èèyàn. Sàpárà fura, ó dọ́gbọ́n wọ inú awo àwọn tó ń bọ Ṣọ̀pọ̀nná. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé àwọn kan nínú àwòrò náà ń mú èépá ara ẹni tí ìgbóná ń ṣe, wọ́n fi ń kó àrùn náà ran ẹlòmíràn, torí pé ẹni tí ìgbóná bá pa, àwọn ló ń sin ín, àwọn ló sì ń kó ẹrù rẹ̀. Ó tú àṣírí yìí, ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ wọn. Ẹ wò ó: ẹni tó fẹ́ràn ìṣègùn ìbílẹ̀ náà ló mú kí ìjọba gba agbára lọ́wọ́ ẹgbẹ́ tó ń pa èèyàn. Nítorí náà, ìjọba tó bá lè fún ẹgbẹ́ ní òǹtẹ̀ gbọ́dọ̀ lè gbà á padà, kó sì sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba, kì í ṣe torí pé ẹgbẹ́ náà kò jáde wá jó nígbà tí gómìnà ń kọjá.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kí n tó tẹ̀ síwájú, torí ó ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Ẹ máa ń rí nọ́ńbà NAFDAC lára ìgò àgbo, ẹ ó ní, “Áà, ìjọba ti fọwọ́ sí bàbá yìí.” Rárá. NAFDAC, tí wọ́n fi Decree 15 ti ọdún 1993 gbé kalẹ̀, ohun tó wà nínú ìgò ló ń wò. Lára ọ̀pọ̀ ìgò àgbo bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní lẹ́tà wẹ́wẹ́ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí olóògùn ní ó ń wò wò. Nọ́ńbà ìgò kì í ṣe láísẹ́ǹsì ẹni tó pò ó. Káàdì ẹgbẹ́ náà kì í sì í ṣe láísẹ́ǹsì. Ìwé àṣẹ bọ́ọ̀dù nìkan ló ń jẹ́ ìwé àṣẹ, òun sì ni kí ẹ máa béèrè.

Kí wá ni ẹgbẹ́ òṣèlú wa fẹ́ ṣe bí ẹ bá gbé wa wọlé? A fẹ́ kí ìwé orúkọ wà lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ara ògiri ní gbogbo sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ àti ní ọjà, ní èdè Yorùbá, kí ìyàwó ilé tó lóyún lè fi ìka tọ́ orúkọ agbẹ̀bí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́, tí àwọn àgbà iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta sì jẹ́rìí sí i, kó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ bọ́ọ̀dù tààrà, ì báà wà nínú ẹgbẹ́, ì báà má sí níbẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ní ìpín ogójì, fún olúkúlùkù ní ẹ̀tọ́ láti dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ tó wù ú. Èmi kò rí bí ìyẹn ṣe lè jẹ́ ẹ̀tọ́ bí a bá fi ebi lé èèyàn wọnú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Ní ti ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ òǹtẹ̀, kó wá gbà á, ọwọ́ wa ṣí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó máa dìbò yan olóyè lásìkò tó dá, kí àkọsílẹ̀ owó rẹ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ ẹgbẹ́ èyíkéyìí lè yẹ̀ wò, kí gbogbo owó tó ń gbà ní orúkọ bọ́ọ̀dù ní rìsíìtì ìjọba. Aṣọ ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ wọnú ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ láé. Ẹgbẹ́ tí kò bá kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ohunkóhun láàárín ọdún, tí kò pe nọ́ọ̀sì kan wá sọ fún wọn nípa abẹ́ tó mọ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, kí ni òǹtẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́ rẹ̀?

Ohun tó jẹ mí lọ́kàn jù lọ ni ti aláìsàn. Ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ alága, akọ̀wé, bọ́ọ̀dù, gómìnà. Ẹni tí wọ́n fi ewé bà jẹ́ ńkọ́? Lónìí, bí àgbo bá ba kíndìnrín ọkọ rẹ jẹ́, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ ní kó o lọ, kí wọ́n lè parí ẹ̀ nítùbí-ìnùbí. Àwọn ọ̀rẹ́ ẹni tó ṣe ọ́ ni yóò jókòó dá ẹjọ́ rẹ. A fẹ́ kí ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tí oníṣègùn wà níbẹ̀, tí dókítà wà níbẹ̀, tí ará ìlú tí kì í ṣe oníṣègùn sì wà níbẹ̀, kí wọ́n jókòó ní Ìkẹjà níbí, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ní Yorùbá. Kí agbẹ̀bí tó bá fúnra rẹ̀ gbé aláìsàn dé ọsibítù sì ní ìdánilójú nínú òfin pé wọn kò ní fìyà jẹ ẹ́ nítorí pé ó gbé e wá, ì báà ní káàdì, ì báà má ní. Ìyẹn la ó kọ́kọ́ ṣe, torí obìnrin kan lè wà lórí ìkúnlẹ̀ lálẹ́ òní.

Àwọn olùdíje yóò máa kan ilẹ̀kùn yín láti ìsinsìnyí lọ, tiwa àti tiwọn. Kí ẹ tó bi wọ́n nípa ìrẹsì, ẹ bi wọ́n pé: ìwé orúkọ àwọn oníṣègùn àdúgbò yìí, ibo ló wà, ìgbà wo ni a lè rí i? Ẹni tó bá fún yín lésì, ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ kọ ohun tó sọ, ẹ sì kọ ọjọ́ tó sọ ọ́.